Ìtàn Edmund Beckett Denison, Lọ́yà tí ó Ṣe Agogo Ńlá Lọ́ńdọ̀nù

Àwa Yorùbá kò ya orúkọ agogo méjèèjì sọ́tọ̀. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí akéde ń lù kiri ìgboro, agogo ni à ń pè é. Ẹ̀rọ tí ń fi wákàtí hàn wá lára ògiri, agogo náà ni. Àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣìnà, nítorí ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n kí wọn tó lè ka ojú rẹ̀. Lórí ohùn yìí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí dúró lé: ìtàn Edmund Beckett Denison, agbẹjọ́rò ará Ìlú Ọba, ẹni tí ó ṣe ètò agogo ńlá Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì pàṣẹ irú idẹ tí a óò fi da agogo tí gbogbo ayé mọ̀ sí Big Ben. Bí olùkàwé wa kan bá ní agogo gíga nínú pálọ̀ rẹ̀, tí ó ń kọ orin kékeré ní ìdámẹ́rin wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ó mú kí orin náà tàn ká gbogbo ilẹ̀.

A bí Denison ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1816 ní Carlton Hall, nítòsí ìlú Newark ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, òun sì ni alága ẹgbẹ́ rélùwéè Great Northern. Wọ́n fi ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Doncaster, lẹ́yìn náà ní Eton, kí ó tó lọ sí Trinity College ní Cambridge, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ní Cambridge yìí, agogo ìjọ Great St Mary's ti ń kọ orin ìdámẹ́rin wákàtí kan láti nǹkan bí ọdún 1793. Orin náà kò le: ohùn mẹ́rin péré ni, tí a ń pààrọ̀ ipò wọn. Orin yìí kan náà ni a padà gbé lọ sí Westminster, tí àwọn tí ń ṣe agogo ilé sì kọ́ láti ibẹ̀.

Ní 1841 ni Denison di agbẹjọ́rò. Àkókò náà gan-an ni wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè káàkiri Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tí ó lè la ọ̀nà láìgba òfin láti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Níwájú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ni Denison ti ń rojọ́, ó sì di olówó ńlá nídìí rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kì í sì í gbà pé ẹlòmíràn lè mọ̀ ju òun lọ nínú ọ̀ràn tí òun bá ti kà nípa rẹ̀. Ìwà yìí gbé e ga nínú iṣẹ́ òfin. Òun kan náà ni ó sì kó o sínú wàhálà tí a óò rí níwájú.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí ni pé kò kọ́ iṣẹ́ agogo lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ìfẹ́ ni ó mú un wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti ilé ẹjọ́ dé, ìwé nípa ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́, ilé kíkọ́ àti agogo ni ó ń ṣí. Ní 1850 ó tẹ ìwé kan jáde nípa agogo, ìwé náà sì di ohun tí àwọn oníṣẹ́ agogo pàápàá ń kà. Ní 1851, nígbà tí a ṣe Ìpàtẹ Ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, agogo kan tí Denison ṣe ètò rẹ̀, tí Edward Dent sì ṣe é, wà lára ohun tí a pàtẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1834, iná ti jó Ààfin Westminster, níbi tí àwọn aṣòfin ń jókòó. Nígbà tí a ń kọ́ ààfin tuntun, a pinnu pé kí ilé ìṣọ́ gíga kan wà nínú rẹ̀, kí agogo tí kò ní ẹgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Ìjọba fi ọ̀ràn náà lé George Airy lọ́wọ́, ẹni tí í ṣe olórí àwọn awòràwọ̀ Ọba ní Greenwich. Airy sọ pé agogo náà kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo yẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àti pé kí wọ́n máa fi wáyà ránṣẹ́ sí Greenwich lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí a lè mọ̀ bí ó ti ń rìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ agogo fárí gá. Wọ́n ní agogo inú ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agogo tí afẹ́fẹ́, òjò àti yìnyín yóò máa tì lọ́wọ́ lókè ilé kò lè ṣe é láéláé. A pe Denison láti ran Airy lọ́wọ́, òun sì gbà pé ó ṣeé ṣe.

Òun ni ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà. Ní 1852 a gbé iṣẹ́ náà fún Dent; Dent kú ní 1853, ọmọ ìyàwó rẹ̀, Frederick Dent, sì parí rẹ̀ ní 1854. Ilé ìṣọ́ kò tíì tó gba agogo nígbà náà, nítorí náà ẹ̀rọ náà wà nínú ilé iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Denison kò fi ọdún wọ̀nyí sùn. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń tún un ṣe, títí ó fi rí ọgbọ́n kan tí a fi ń gba pẹńdúlọ́ọ̀mù, èyíinì ni irin gbọọrọ tí ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, lọ́wọ́ ìjì. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé rẹ̀. Nínú agogo àtijọ́, àwọn àgbá-kẹ̀kẹ́ eléyín ni ń ti pẹńdúlọ́ọ̀mù. Bí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọwọ́ agogo níta, ìtẹ̀sí náà yóò gba inú ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ pẹńdúlọ́ọ̀mù, yóò sì da ìrìn rẹ̀ rú. Denison fi apá kékeré méjì sáàárín. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti gbé apá wọ̀nyí sókè. Ìwúwo apá náà nìkan, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ni ó ń ti pẹńdúlọ́ọ̀mù. Níwọ̀n bí ìwúwo apá kò ti í yípadà, ìjì ìbáà jà kí ọwọ́ agogo máa mì, pẹńdúlọ́ọ̀mù kò ní mọ̀. Denison kò gba ìwé àṣẹ láti fi ọgbọ́n yìí ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè lò ó, ó sì tàn kálẹ̀ nínú àwọn agogo ilé ìṣọ́.

Ó tún mọ̀ pé ooru a máa mú kí irin gùn sí i, òtútù a sì máa mú un súnkì. Irin tí ó bá gùn a máa mì pẹ̀lú ìlọ́ra, agogo yóò sì rẹ̀yìn. Nítorí náà a fi irin àti síǹkì ṣe pẹńdúlọ́ọ̀mù náà, ọ̀kan nínú èkejì, kí ọ̀kan lè máa gbé e sókè bí èkejì ti ń jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀. Lórí rẹ̀ ni a ń to owó kọ́bọ̀ àtijọ́ sí. Bí agogo bá ń lọ́ra, olùtọ́jú yóò fi kọ́bọ̀ kan kún un, agogo yóò sì fi nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá yá sí i lóòjọ́. Kọ́bọ̀ kan péré ni a fi ń tọ́ ẹ̀rọ tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún sọ́nà.

Bí ọ̀rọ̀ Denison bá pin síhìn-ín, ìyìn nìkan ni à bá máa sọ. Ṣùgbọ́n agogo tí a fi ń mọ wákàtí gbọdọ̀ ní agogo tí a ń lù, ọ̀ràn èyí ni ó sì da omi tútù sí i lọ́kàn.

Àwọn tí ń ra ìkòkò lọ́jà mọ ohun tí à ń wí. Bí obìnrin bá fẹ́ ra ìkòkò, yóò fi ìka kàn án, yóò sì dẹ etí. Bí ó bá dún gbọnrangandan, ó pé. Bí ó bá dún kẹ̀hẹ̀, ó ti sán níbì kan, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agogo. Bàbà nìkan rọ̀, kì í sì í dún tó bẹ́ẹ̀. Tánganran nìkan náà rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a di idẹ líle tí ohùn rẹ̀ ń mọ́ tí ó sì ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Bí tánganran bá ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni ó ń le sí i, tí ohùn rẹ̀ sì ń mú sí i. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ya ẹlẹgẹ́ sí i, títí yóò fi rí bí àwo tí ń fọ́ bí a bá kàn án le. Gbogbo ọgbọ́n àwọn tí ń da agogo wà nínú mímọ ibi tí a ó dúró sí láàárín méjèèjì.

Denison pàṣẹ pé kí wọ́n lo bàbà ìpín 22 àti tánganran ìpín 7. Òun ni ó pinnu bí agogo náà yóò ti rí, òun náà ni ó sì pinnu bí òòlù rẹ̀ yóò ti wúwo tó. Lóòótọ́, ó ti ka ìwé púpọ̀ nípa ọ̀ràn náà, ó sì ti dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń da agogo láti ìran dé ìran ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé, Denison kò sì ka ìmọ̀ yìí sí.

Ilé iṣẹ́ John Warner ni ó kọ́kọ́ da agogo náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1856, ní Norton nítòsí Stockton-on-Tees. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 16, ó ju bí a ti rò ó lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì so ó rọ̀ sí àgbàlá ààfin, wọ́n ń lù ú kí àwọn aráàlú lè gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Big Ben. Àwọn kan ní ara orúkọ Benjamin Hall ni a ti mú un, ẹni tí í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Àwọn mìíràn ní orúkọ Ben Caunt ni, akànṣẹ́ ńlá ayé ìgbà náà. Nítorí pé agogo náà nípọn ju bí a ti fẹ́ lọ, Denison mú kí a sọ òòlù rẹ̀ di ńlá: láti nǹkan bí kílò 355, ó di kílò 660. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1857, agogo náà sán. Ọ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Àwọn Warner ní òòlù ni ó fà á. Denison ní dídà ni kò dára.

A fọ́ agogo náà wẹ́wẹ́, a sì gbé idẹ rẹ̀ fún George Mears ní Whitechapel, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1858 ni ó da èkejì. Ogún ìṣẹ́jú ni idẹ yíyọ́ fi kún inú ìdà, ogún ọjọ́ ni ó sì fi tutù. Èyí wúwo tó tọ́ọ̀nù 13 àti ààbọ̀. Ẹṣin 16 ni ó fà á gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kọjá, tí àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti wò ó. Ní oṣù kẹwàá ni a fà á gòkè ilé ìṣọ́, ó sì gbà wọ́n ju ọ̀sán kan àti òru kan lọ.

Ẹ̀rọ agogo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1859. Ọwọ́ rẹ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe wúwo jù, a fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe òmíràn fún ìṣẹ́jú kí ó tó lè rìn bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, Big Ben lu wákàtí fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú Lọ́ńdọ̀nù dùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, agogo náà tún sán.

Mears sọ pé òòlù tí Denison lò ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí òun fi àyè gbà lọ. Àwọn àgbà wa ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ṣùgbọ́n Denison kò gbà. Ó gbé kálàmù rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé ihò wà nínú agogo náà, àti pé àwọn tí ó dà á ti fi nǹkan dí i kí ojú má baà rí i. Ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ni èyí fún ẹni tí ń fi dídà agogo jẹun. Mears pè é lẹ́jọ́, Denison, lọ́yà tí ó gbajúmọ̀, sì jẹ̀bi. Ènìyàn ì bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún ó tún sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1881 Stainbank, ẹni tí ó jogún ilé iṣẹ́ Whitechapel, tún pè é lẹ́jọ́, Denison sì tún jẹ̀bi.

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ni a ṣe sí agogo? Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin Big Ben dákẹ́. Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn agogo mẹ́rin tí ń kọ orin ìdámẹ́rin wákàtí ni ó ń lu wákàtí dípò rẹ̀. Níkẹyìn Airy mú ìmọ̀ràn wá, ìmọ̀ràn náà kò sì le. A yí agogo náà díẹ̀, kí òòlù lè máa bọ́ sí ibi tí kò sán. A gé idẹ kékeré kúrò ní ojú ibi tí ó ti sán kí ó má baà gùn sí i. A sì fi òòlù kékeré tí ó wúwo bí kílò 200 rọ́pò ti Denison. Agogo náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, òun kan náà ni ó sì wà níbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò mọ́ gaara bí ti agogo tí ó pé. Ó ní ìhanrun díẹ̀ nínú, ìhanrun yìí gan-an ni gbogbo ayé sì fi ń dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹ̀kọ́ yìí wá sínú ilé wa. Agogo gíga tí ń dúró nílẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní agogo bàbá àgbà láti ìgbà tí Henry Clay Work ará Amẹ́ríkà ti kọ orin nípa ọ̀kan ní 1876, kò ní ohùn kan náà ní gbogbo ìgbà. Àwọn ti àtijọ́ ní agogo idẹ kékeré lókè ẹ̀rọ wọn; ohùn wọn mú, ó sì ń dé yàrá gbogbo. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin líle tí a ká bí ejò. Ohùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Nígbà tí ọdún 1900 kù díẹ̀, a fi ọ̀pá idẹ oníhò gígùn sínú àwọn olówó ńlá, wọ́n sì ń dún bí agogo ìjọ láti òkèèrè. Lẹ́yìn 1900, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ihò ni ó gba ọjà, nítorí kò wọ́n, kì í sì í gba àyè. Ọ̀pá kúkúrú ń ké lóhùn òkè, èyí tí ó gùn ń dún lóhùn ìsàlẹ̀. Ọ̀pá irin líle a máa dún ganran. Èyí tí bàbà wà nínú rẹ̀ a máa dún rọra, ohùn rẹ̀ a sì kún. Pákó ẹ̀yìn àpótí tí a kàn wọ́n mọ́ ń gbé ohùn náà ga, gẹ́gẹ́ bí igi ìlù ti ń gbé ohùn awọ.

Òòlù tún ń bẹ. Bí orin agogo rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha etí, má ṣe rò pé ọ̀pá rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé awọ tí ó wà lẹ́nu òòlù ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Awọ tuntun ni yóò wò ó sàn. Bí ó bá sì dún tí ohùn rẹ̀ kú lójú kan náà, òòlù náà ń simi lé ọ̀pá lórí lẹ́yìn tí ó lù ú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lu agogo tí ó sì fi ọwọ́ dì í mú. Òòlù gbọdọ̀ kàn án kí ó sì padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi òòlù ńlá wá ohùn ńlá, kí ó rántí Westminster.

Denison jogún oyè baba rẹ̀ ní 1874, ó di Sir Edmund Beckett. Ní 1886 ó di Olóyè Grimthorpe. Ó ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn láti inú àpò ara rẹ̀ láti tún ilé ìsìn ńlá St Albans ṣe, ó sì ṣe é bí ó ti wù ú, tí àwọn ayàwòrán ilé fi bínú sí i. A gbẹ́ ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn náà gẹ́gẹ́ bí ojú Mátíù Mímọ́. Láti 1868 ni ó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ agogo ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nípò náà títí ó fi kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1905, ẹni ọdún 88.

Ní òpin ọdún 1923 ni asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ gbé ohùn Big Ben jáde. Nígbà tí a sì fa wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì wọ inú ilé ní Èkó ní 1935, ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ń sọ di ohun tí a ń gbọ́ ní etí òkun wa. Láti 2017 títí di 2022, wọ́n tún ilé ìṣọ́ náà ṣe, agogo náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Denison ṣe ń rìn síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ògo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà gbogbo tí agogo náà bá lu wákàtí, òòlù tí a fi rọ́pò tirẹ̀ ni ó ń lù ú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti sán ni ó sì ń dún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìmọ̀ ọkùnrin yìí pọ̀. Ì bá ti pọ̀ tó fún iṣẹ́ méjèèjì bí ó bá ti bi ẹni tí ń da idẹ léèrè ìwọ̀n tí idẹ lè gbà.